Owó òkú ní ẹnu: ohun tí ojú mi rí nídìí akápò àwọn Kwékà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní kí n kọ ìrírí yìí sílẹ̀, iṣẹ́ òru ni ò jẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí, aago, ìlù, àbẹ́là, tùràrí, kí wọ́n máa fi maikí pe orúkọ àwọn tó dáwó ìkórè, kí onítọ̀hún jó jáde tòun ti ìyàwó, kí gbogbo ìjọ hó yèè. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí owó ilé Ọlọ́run ń jẹ́. Torí náà tí mo bá sọ fún yín pé ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣe akápò fún àwọn Kwékà (Quakers), ìjọ onígbàgbọ́ kan tó ti wà ní England tipẹ́, nílùú kékeré kan lápá àríwá ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, èmi fúnra mi ti rín in tán.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń fẹ́ lọ sí ìpàdé àwọn Kwékà, bí wọ́n ṣe ń pe ìjọsìn wọn nìyẹn, ní gbogbo Sunday, wọ́n ní kí n máa fi wíìlì-ṣíà tì í lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mo lọ jókòó sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ogún ìṣẹ́jú, kẹ́kẹ́ pa. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ẹnì kan ló kú tí wọn ò tíì fẹ́ túfọ̀ ẹ̀. Wákàtí kan géérégé! Kò sí pásítọ̀, kò sí orin, kò sí igbá ọrẹ tó ń kọjá níwájú èèyàn. Nígbà tó yá ni ẹni méjì bọ ara wọn lọ́wọ́, ìpàdé ti parí nìyẹn, wọ́n gbé tíì àti bisikíìtì jáde. Ìyá yẹn ti kú báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, àmọ́ èmi ò dẹ́kun lílọ. Bóyá torí iṣẹ́ òru tí mò ń ṣe ni, ibẹ̀ nìkan ni etí mi ti ń sinmi.

Wàhálà mi àkọ́kọ́ ni orúkọ. Kwékà ò gba oyè, kò sí Mister, kò sí Doctor, kò sí Sà, orúkọ tí ìyá ẹ sọ ẹ́ ni wọ́n á fi pè ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ṣe ń pe ọmọ ọdún mẹ́jọ àti ẹni ọgọ́rin ọdún. Ẹ wo èmi ọmọ Yorùbá, kí n máa pe ẹni tó lè bí ìyá mi ní orúkọ lásán! Mi ò lè ṣe é. Mo sọ gbogbo wọn di "Mà" àti "Sà," wọ́n ṣàlàyé títí, ó sú wọn, wọ́n fi mí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ẹnì kan bi mí lórí tíì pé kí ni mo kà nílé, mo ní accounting ni mo kà ní pólì. Háà, mi ò bá ti panu mọ́. Kwékà kì í dìbò yan èèyàn, ìgbìmọ̀ kan ló máa ń wá ẹni tó yẹ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lọ bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á wá gbé orúkọ ẹ̀ síwájú ìpàdé. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa ń fúnni, wọ́n sì lè fi mẹ́ta mìíràn lé e. Bí mo ṣe di akápò nìyẹn, kò sówó oṣù ńbẹ̀ o, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni.

Wọ́n kó fáìlì mẹ́rin lé mi lọ́wọ́. Inú fáìlì yẹn ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wọn rárá. Ọdún 1652 ni George Fox, ẹni tó dá ìjọ wọn sílẹ̀, ń kó èèyàn jọ káàkiri àríwá England, nígbà tó máa fi di 1654 obìnrin kan tó ń jẹ́ Margaret Fell ti dá àpò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kendal Fund, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú owó ra aṣọ àti bàtà fáwọn oníwàásù tó ń rìn láti ìlú dé ìlú, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ran àwọn tí ìjọba jù sẹ́wọ̀n lọ́wọ́. Ẹ̀wọ̀n ò sì jìnnà sí wọn nígbà yẹn, wọn ò san ìdámẹ́wàá fún ìjọ ìjọba, wọn ò búra ní kóòtù, wọn ò ṣí fìlà fún olówó. Nítorí náà látilẹ̀wá, owó wọn kì í ṣe owó kíkọ́ kàtídírà. Owó "ta ni wọ́n mú lánàá, ta ló ń bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀" ni.

Ní báyìí òfin ti wọ̀ ọ́. Àwọn ìpàdé kéékèèké kóra jọ sábẹ́ ìpàdé àgbègbè kan, ìpàdé àgbègbè yẹn gan-an ni òfin mọ̀ sí ẹgbẹ́ àánú, òun ló ní àwọn trọ́stíì, ìyẹn àwọn alábòójútó tí òfin máa mú tí nǹkan bá bàjẹ́. Tẹ́lẹ̀ wọn ò fi dandan mú wọn láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ẹgbẹ́ àánú, òfin 2006 ló yí i padà, pé èyíkéyìí tí owó tó ń wọlé fún un bá ti ju £100,000 lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀. Àwọn àgbà inú ìpàdé ṣì máa ń ráhùn nípa ẹ̀, pé látìgbà yẹn ni pépà ti pọ̀. Èmi ò bá wọn ráhùn. Ẹni tó bá ti rí bí owó ìjọ ṣe ń di mọ́tò pásítọ̀ kò ní ráhùn tí ẹnì kan bá ní kóun wo ìwé.

Àpò mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé torí ibi tí mo ti ṣubú nìyẹn.

Àpò àkọ́kọ́ ni owó tí kò ní okùn lọ́rùn, èyí táwọn èèyàn ń dá lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. A kì í gbé igbá kiri, akápò ló máa kọ lẹ́tà sí kálukú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kálukú á wo ara ẹ̀. Tí ẹni tó ń san owó orí bá dá £1, ìjọba á fi 25p lé e, a ò fi ìyẹn ṣeré. A kì í ta ràáfù, torí Kwékà ò fẹ́ràn ohunkóhun tó bá jọ tẹ́tẹ́. Nínú àpò yìí la ti ń san iná, gáàsì, ìnṣúránsì, a sì ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Friends House, olú ilé iṣẹ́ àwọn Kwékà ní London, fún iṣẹ́ gbogboogbò.

Àpò kejì ni ti ìrànlọ́wọ́ ìkọ̀kọ̀. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń bójú tó àlàáfíà àwọn èèyàn ló mọ ẹni tí wọ́n ń fún. Èmi akápò, iye nìkan ni mo máa ń rí: £60, £140, pẹ̀lú ọjọ́. Níbẹ̀rẹ̀ ó bí mi nínú, mo ní akápò wo ni kò ní mọ ibi tówó ń lọ? Ìyá kan dá mi lóhùn pé, "Ìwọ náà lè nílò ẹ̀ lọ́la, ṣé wàá fẹ́ kí akápò mọ̀?" Mo dákẹ́. Mo rántí ọdún tí wọ́n pín ìrẹsì fáwọn opó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé, wọ́n tò wọ́n síwájú pẹpẹ, wọ́n ya fọ́tò wọn, màámi wà lórí ìlà yẹn pẹ̀lú gèlè tó fà bojú.

Ẹ sì wò ó, apá kejì ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ ẹni tó ń dáwó àti iye tó ń dá. Mo mọ bàbá tó ní ilé méjì tó ń dá £5, mo mọ obìnrin tó ń nu ọ́fíìsì tó ń dá £40. Mi ò gbọ́dọ̀ fẹnu bà á, mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn lójú mi pàápàá tí mo bá ń bu tíì fún wọn. Nínú gbogbo iṣẹ́ akápò, èyí ló le jù fún mi, kí ẹ máa gbọ́.

Àpò kẹta ni owó òkú. Ẹnì kan ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún ẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé kí wọ́n tọ́jú owó yìí, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ojú owó, kí wọ́n máa fi èlé orí ẹ̀ ra bàtà àti ìwé fún ọmọ àwọn Ọ̀rẹ́ inú ìpàdé wa tí òbí wọn ò rí já jẹ. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń pe ara wọn, ẹ rántí. Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, òfin sì dúró tì í, òkú ò sí níbẹ̀ àmọ́ ẹnu ẹ̀ ṣì wà lórí owó ẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò tún sí ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé mọ́. Àwa tó ń wá kò pọ̀, orí wa sì ti ń funfun. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti gba kọ́bọ̀ níbẹ̀, èlé sì ń gorí èlé, ó ti lé ní £11,000 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí ojú owó.

Òtútù ọdún kẹta mi, àwọn olè gun òrùlé ilé ìpàdé lóru wọ́n ká òjé tó wà lórí ẹ̀ lọ. Òjò wọlé, àjà wú, ó ń kán sórí àga. Kọ́lékọ́lé kan ní òun lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la tí a bá san £4,200 sílẹ̀, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ó di oṣù méjì. Owó tí kò ní okùn lọ́rùn ò ju £1,900 lọ. Ìnṣúránsì ní àwọn ń bọ̀, àwọn ń bọ̀. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní aago méjì òru, mo wo £11,000 tó jókòó sójú kan látọjọ́ tí aláyé ti dáyé, mo ní ṣebí ilé kan náà ni, ṣebí ìnṣúránsì á san án padà, mo fà á. Òfin wa ni pé ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Ẹnì kejì rí i lórí fóònù ẹ̀ láàárọ̀, torí pé ó gbà mí gbọ́, ó tẹ̀ ẹ́ láìbéèrè. Mo ti ronú sí ìyẹn gan-an. Ìfọwọ́sí méjì ò wúlò tí ọ̀kan bá ń fọwọ́ sí ojú ẹnì kejì dípò ìwé.

Wọ́n tún òrùlé ṣe, gbogbo èèyàn kí mi kú iṣẹ́. Ìnṣúránsì ò san gbogbo ẹ̀. Ọdún parí, ẹni tó máa ń wá yẹ ìwé wa wò kọ ímeèlì ránṣẹ́: £4,200 yìí tó jáde látinú àpò bàtà ọmọ, bàtà wo ni?

Mi ò sùn. Mo pe màámi nílé ní ìdájí.

"Ṣé o jẹ ẹ́ ni?"

"Rárá mà, òrùlé ni mo fi ṣe."

"Ta ló ni ín?"

"Òkú ni mà."

"Òkú ò lè bi ẹ́, alààyè ló máa bi ẹ́. Lọ sọ fún wọn kí wọ́n tó bi ẹ́. Má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwáwí òjò o."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìpàdé iṣẹ́ wọn ṣe máa ń rí, torí ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ rí ò ní mọ ohun tí mo kojú. Kò sí ìbò, kò sí "àwọn tó bá fara mọ́ ọn kí wọ́n nawọ́ sókè." Akọ̀wé ló jókòó nídìí tábìlì, wọ́n á kọ́kọ́ dákẹ́, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á dìde, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á jókòó, wọ́n á tún dákẹ́ díẹ̀ kí ẹlòmíì tó dìde. Tí akọ̀wé bá rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń forí lé ibì kan, ojú ẹsẹ̀ níbẹ̀ ló máa kọ mínìtì, á kà á sókè, wọ́n á tún un ṣe lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo ọkàn bá balẹ̀ wọ́n á ní "Hope so." Ìyẹn ni àmín wọn. Tí ọkàn ẹnì kan ò bá balẹ̀, wọ́n lè gbé e sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀, di ọdún tó ń bọ̀. Mo ti rí i tí wọ́n fi oṣù mẹ́jọ sọ̀rọ̀ lórí irú kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ rà. Mo fẹ́ràn wọn, àmọ́ kápẹ́ẹ̀tì!

Mo dìde níwájú àwọn trọ́stíì. Mo ti ń retí ariwo, mo ti mọ bí mo ṣe máa kúnlẹ̀, kódà mo ti wo ibi tí mo máa kúnlẹ̀ sí. Mo sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mi ò mẹ́nu ba òjò. Nígbà tí mo parí wọ́n dákẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n bú yín o, ó sàn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn débi tí mo ń gbọ́ ìró ikùn mi. Nígbà tó yá bàbá kan dìde, ó ní òun dúpẹ́ pé ó ti ẹnu mi jáde, ó sì bi ẹni kejì tó fọwọ́ sí i pé ṣé ó lóhun tó fẹ́ sọ, ìyẹn náà sọ tiẹ̀. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò bóyá ó tó ohun tó yẹ kí a jábọ̀ fún Charity Commission. Akọ̀wé wá kọ mínìtì: pé wọ́n fi owó tí wọ́n fi sílẹ̀ fún nǹkan kan ṣe nǹkan mìíràn, pé a gbọ́dọ̀ dá a padà kí oṣù tó parí, pé láti ìsinsìnyí lọ ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ rí ìwé. Mínìtì yẹn ò bú mi, kò sì bò mí. Mo ṣì ní ẹ̀dà ẹ̀ nílé.

Wọ́n kéde fún ìpàdé pé a nílò £4,200. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó pé, kò sí orúkọ tí wọ́n pè, kò sẹ́ni tó jó. Àmọ́ èmi rí orúkọ, àbí? Obìnrin tó ń nu ọ́fíìsì dá £200. Mi ò lè wo ojú ẹ̀ fún oṣù kan.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni ìyá kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ dìde, ọ̀pá ẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó ní a ti bá akápò sọ̀rọ̀ pé ó fọwọ́ kan owó yìí. Ó ní ta ló máa wá bá àwa sọ̀rọ̀, àwa tí a ò fọwọ́ kàn án fún ogún ọdún? Ó jókòó.

Hmm. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Nílé ẹ̀sùn owó kan ṣoṣo la mọ̀: ó jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó máa ń pe ẹni tó tì í mọ́nú àpótí lólè. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ilé ìpàdé wa kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan tí wọ́n kó àwọn tó ń wá ibi ìsádi sí, àwọn ará Eritrea, Sudan, Iran, àwọn ọmọ wọn ń fi sílípáàsì rìn nínú yìnyín lọ sílé ìwé, gbogbo wa ló ń rí wọn. Òfin ò fi bẹ́ẹ̀ fún àwọn òbí yẹn láyè láti ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ìjọba ò bá tíì dá wọn lóhùn. Owó bàtà wà lọ́wọ́ wa, ẹsẹ̀ ọmọ wà lójú títì, gbólóhùn kan péré ló dúró sáàárín: ọmọ àwọn Ọ̀rẹ́.

Àkókò yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn Kwékà olówó, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá òkú kan wà tó tú okùn sílẹ̀ kó tó lọ. Mo rí i. Joseph Rowntree, oníṣòwò kòkó nílùú York, ilé iṣẹ́ ẹ̀ ló padà ṣe KitKat. Ní 1904 ó dá trọ́ọ̀sì mẹ́ta sílẹ̀, ìyẹn àpò owó tí àwọn alábòójútó ń tọ́jú, ó kọ ìwé kan fún àwọn tó máa bójú tó o. Ó ní ilé tí wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ fún tálákà ní York kì í wá owó tì, àmọ́ ẹni tó bá ní òun fẹ́ wádìí ohun tó ń fa òṣì gan-an, díẹ̀ ló máa rí tó máa ràn án lọ́wọ́. Ó ní òun fún wọn lágbára gan-an láti yí nǹkan padà, torí ìgbà tuntun á mú iṣẹ́ tuntun wá, ohun tó dáa láyé ijọ́un sì lè di ohun tí kò bágbà mu mọ́. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó mọ̀ọ́mọ̀ má ṣe é ní ẹgbẹ́ àánú rárá, kó lè dá sí òṣèlú, ìyẹn sì ń san owó orí. Ẹ ò rí ọgbọ́n bàbá yìí? Ó mọ̀ pé òun máa kú.

Àmọ́ bí mo ṣe ń kà á ni inú mi ń dàrú díẹ̀díẹ̀, torí kòkó. Bàbá bàbá mi gbin kòkó nítòsí Ilé-Olújì. Cadbury tó jẹ́ ti Kwékà náà ra kòkó ní Nàìjíríà, Bournvita tí gbogbo wa mu dàgbà, orúkọ Bournville ló ti wá, ìlú tí George Cadbury kọ́ fáwọn òṣìṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀, ó sì gbé e fún trọ́ọ̀sì ní 1900. Kí ó tó di pé kòkó tiwa pọ̀ lọ́jà, kòkó São Tomé àti Príncipe ni wọ́n ń rà, níbi tí àwọn Potogí ti ń fipá mú èèyàn ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ta wọ́n lẹ́nu fún ọdún mélòó kan kí Cadbury, Fry àti Rowntree tó jáwọ́ níbẹ̀ ní 1909. Kwékà tí wọ́n ti lé oníṣòwò ẹrú kúrò láàárín ara wọn láti 1761! Ní 2021 àwọn trọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Rowntree fúnra wọn jáde wá sọ pé ìtàn owó àwọn wọ inú oko tí wọ́n ti fipá kó èèyàn ṣiṣẹ́, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Mo sọ èyí níbi tíì, pé tí owó òkú bá ní ẹnu, kì í ṣe ẹnu ẹni tó kọ ìwé ìhágún nìkan, àwọn tó fi àdá pa kòkó náà ní ẹnu. Ẹnikẹ́ni ò fèsì. Ọ̀kan nínú wọn tún bu tíì fún mi.

Ẹ má bínú, mo ti yà bàrá. A padà sórí bàtà. A kọ̀wé sí Charity Commission pé kí wọ́n jẹ́ kí a fẹ ọ̀rọ̀ ìhágún náà. Ohun tí òfin ń wò ni pé kí tuntun sún mọ́ ẹ̀mí tí olówó fi fi owó náà sílẹ̀, kó sì bá ìgbà tí a wà mu. Nínú àwa fúnra wa ni ìjà ti pọ̀ jù, ìjà Kwékà ni o, ìjà ìdákẹ́jẹ́. Bàbá kan ní tí a bá ń tún ọ̀rọ̀ òkú sọ fún un, ta ló tún máa fi nǹkan sílẹ̀ fún wa? Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìyá ọlọ́pàá, ìyẹn ìyá tó ń tẹ̀pá, ní obìnrin tó fi owó yìí sílẹ̀ rí ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń tutù ni, ọmọ tó wà nítòsí ẹ̀ ló rí, bí ó bá ń bá wa jókòó síbí lónìí èwo ló máa rí? Wọ́n dákẹ́. Oṣù kìíní, kò yanjú. Oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Bàbá yẹn ló fúnra ẹ̀ dìde nígbà kẹrin, ó ní ọkàn òun ò tíì fara mọ́ ọn tán ṣùgbọ́n òun ò ní dúró lọ́nà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. Tó bá jẹ́ ìbò la dì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a ti borí ẹ̀, kò bá sì ti kúrò láàárín wa. Òun náà ló ń wa mọ́tò gbé àwọn ọmọ lọ wọn bàtà báyìí.

Látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, oṣù mẹ́rìnlá. Ojú owó ò yẹ̀, èlé nìkan là ń ná: bàtà, yunifọ́ọ̀mù, báàgì, ìwé ìwọkọ̀. Àwọn méjì ló mọ orúkọ àwọn ọmọ yẹn. Iye ni mo rí: £38, £52.50, £41.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ sọ kí n tó gbàgbé, torí ó bà mí lẹ́rù. Báǹkì kan ní ká gbé ojú owó yẹn sínú ìdókòwò kan tó ń mú èlé gọbọi wá. Mo ti fẹ́ gbà. Ẹnì kan bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀. Mo ní "ìdókòwò ni." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdókòwò nínú kí ni? A ṣí ìwé ẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà wà níbẹ̀, sìgá wà níbẹ̀. Kwékà tí kò jagun láti ọdún gbọ́ńgbọ́ń! Láti 2013 ni wọ́n sì ti pinnu lápapọ̀ ní Britain pé àwọn ò ní dá owó lé ilé iṣẹ́ epo àti èédú mọ́. Bí a ṣe fi èlé gọbọi sílẹ̀ nìyẹn, a mú èyí tó kéré. Èmi tí ilẹ̀ wa fi epo jẹun, mo kọ́kọ́ fẹ́ jiyàn, mo rántí Ògóni, mo panu mọ́.

Ọdún mẹ́fà mi pé lọ́dún tó kọjá, wọ́n gba fáìlì lọ́wọ́ mi. Ìsinmi dé, àbí? Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní London gbọ́, wọ́n ní kí n wá ṣe akápò.

Mo débẹ̀, owó bọ́hólù, owó ìsìnkú, owó páátì Disẹ́ńbà, àkáǹtì kan ṣoṣo. Owó bọ́hólù la fi ra ankara tí wọ́n wọ̀ sí ìsìnkú ìyá alága, wọ́n ní àwọn máa dá a padà. Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká ya owó yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn tó dáwó bọ́hólù ò dáwó aṣọ, méjì nínú wọn sì ti kú. Bàbá kan ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé Kwékà lo fẹ́ sọ wá dà ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ariwo bẹ̀rẹ̀, ẹni mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan ti ń pe ìbò. Mi ò mọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé a lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì péré, ká fi ronú sí i.

Ẹ máa gbọ́, wọ́n dákẹ́ lóòótọ́. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú àáyá kí fóònù ìyáa wa kan tó figbe ta, orin fújì, kò sì rí i pa torí ìsàlẹ̀ báàgì ló wà. Nígbà tó fi máa rí i, alága ti ń bi akọ̀wé pé èló gan-an ni wọ́n mú nínú owó bọ́hólù.

Àkáǹtì kejì ti wà báyìí. Ẹni kejì tó yẹ kó fọwọ́ sí i ló wà ní Ìbàdàn, ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn Ọdún Iléyá.